Èsì láti Nọ́ńbà Kẹ́hìndé

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Wàláì, òótọ́ ni. Ẹ lè lọ bi wọ́n ní gáréèjì Igbó-Ọrà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Tápà àti Igangan ti ń tò. Ibẹ̀ ni mo ti ń ta síìmù àti káàdì fóònù láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ. Bóyá mo fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ náà kò pọ̀. Tí a bá dé ìparí, màá tọ́ka sí i, kí ẹ má baà sọ pé mo tàn yín jẹ.

Táyé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń wa ọkọ̀ akérò kékeré kan láàárín Igbó-Ọrà àti Igangan. Èrò ló ń kó lọ, èrò àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó bọ̀. Kẹ́hìndé ni ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé ti kú.

Inú ọkọ̀ yìí kan náà ni àwọn méjèèjì wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń bọ̀ láti Tápà, Táyé ló wà nídìí ìtọ́kọ̀. Kí wọ́n tó dé Ìdèrè, ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi igbá kan tó dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ tí Kẹ́hìndé jókòó sí ni. Táyé bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo lórí ìgbònwọ́.

Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní ewúrẹ́ ni. Ó ní ewúrẹ́ kan sáré gba iwájú ọkọ̀ kọjá. Gbogbo èèyàn gbà á gbọ́. Ewúrẹ́ pọ̀ lọ́nà yẹn.

Ìyá wọn, Rùkáyyàh, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, kì í sọ pé Kẹ́hìndé kú. Ó ní ó rìnrìn àjò. Ẹ sì mọ̀ pé ìlú ìbejì ni ìlú wa. Ohun tí a bá rà fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún ìkejì, yálà ìkejì wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Nígbà Iléyá, ẹ̀wù méjì ni Ìyá Ìbejì dá. Táyé wọ ọ̀kan. Ìyá ká ìkejì sínú àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, níbi tí fìlà Kẹ́hìndé wà, tó fi wé fóònù rẹ̀ tó fọ́. Tó bá se ẹ̀wà, abọ́ méjì ló ń bù ú sí.

Àwọn èèyàn rò pé Táyé yóò máa rọra wakọ̀ lẹ́yìn èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré rẹ̀ tún le sí i. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé láti ẹ̀yìn. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì a gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa fetí sí ìró ọkọ̀. Ó mọ ìró ti Táyé. Tó bá ti gbọ́ ọ, a dìde, a wọlé lọ, bí ẹni pé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Táyé nìkan ló kù fún un.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì kan wá sí gáréèjì. Abísọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ọ̀dọ̀ àwọn láti ojú títì ti pọ̀ jù, ọwọ́ òun sì ti rẹ̀ láti máa rán awọ ara. Ó fẹ́ kọ nọ́ńbà gbogbo awakọ̀ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, pé kí wọ́n rọra. Ẹni tó bá ti gúnlẹ̀ sílé nírọ̀lẹ́ yóò tẹ 1 padà. Ẹni tí 1 rẹ̀ kò bá dé títí di aago mẹ́jọ, òun yóò pe ilé wọn.

Òkè, alága gáréèjì, rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ti ìyá tó bí wọn. Ṣé fóònù ni wọ́n máa wá gbọ́ tirẹ̀?"

"Alága, ìyá wọn kì í bá wọn wọ ọkọ̀. Fóònù ń bá wọn wọ̀ ọ́."

Táyé sọ nọ́ńbà tirẹ̀ kí ó lè ráyè lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ dé: *Táyé, Màámi rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Rọra.* Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Wọ́n kọ orúkọ rẹ?"

"Wọ́n kọ ọ́, Màámi."

"Ti Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Táyé ń wo inú abọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Màámi, Kẹ́hìndé kò wakọ̀ mọ́."

"Ó wà lórí ìrìn. Ṣebí ẹni tó wà lórí ìrìn ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Ọmọ Igbó-Ọrà ni Abísọ́lá, òun náà wá lẹ́yìn ìbejì, Ìdòwú ni. Kò bá ìyá náà jiyàn. Ó kọ nọ́ńbà Kẹ́hìndé sábẹ́ ti Táyé. Ó rò pé kò léwu. Nọ́ńbà tí kò sí lójú ayé mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò kàn sọnù sínú afẹ́fẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti ìwé orúkọ. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó ń dúró de èsì. Àkọ́kọ́ dé kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. 1. Ó wo nọ́ńbà náà. Ó wo ìwé. Ó tún wo nọ́ńbà náà.

Ti Kẹ́hìndé ni.

Ilé Ìyá Ìbejì ló gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó rò pé ìyá náà ló mú fóònù ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ 1 láti tu ara rẹ̀ nínú. Ìyá fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tú fìlà. Ojú fóònù náà ti fọ́ yángá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

"Bátìrì wú lọ́jọ́ ìjàǹbá," ìyá sọ. "A jù ú nù."

Táyé wọlé bá wọn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi èsì náà hàn án. Táyé wò ó pẹ́.

"Bóyá wọ́n ti ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn," nọ́ọ̀sì sọ.

Táyé wá bá mi nídìí tábìlì mi. Ó bi mí bóyá ilé iṣẹ́ fóònù máa ń tún nọ́ńbà ẹni tó ti kú tà. Mo ní rárá, wọn kì í tà á. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nílé, ó tẹ nọ́ńbà náà láago. Ó dún. Ó tún dún. Ẹnì kan gbé e. Kò sọ̀rọ̀. Táyé fetí sí i. Ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ kan lókèèrè.

Lẹ́yìn náà, ewúrẹ́ kan ké.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Táyé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà ìdí tí ìyẹn fi dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, títí ìyá rẹ̀ fi wá tan iná.

Ìrọ̀lẹ́ kejì, 1 dé láti nọ́ńbà Kẹ́hìndé. Ti ẹ̀kẹta dé. Ti ẹ̀kẹrin dé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, ṣáájú gbogbo awakọ̀ yòókù. Inú Ìyá Ìbejì ń dùn. Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ máa sọ fún un, ṣùgbọ́n ìyá náà ń rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láràárọ̀.

"Ṣé ó dé lánàá?"

"Ó dé, Ìyá Ìbejì."

"Mo dúpẹ́."

Ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Ìsmáílà, awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

"Táyé, ìkejì rẹ ń yára délé jù ọ́ lọ. Fún un ní kọ́kọ́rọ́, jẹ́ kó máa wà á."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Táyé di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó tì í mọ́ ara ọkọ̀, kò sì lù ú. Ó kàn dì í mú.

"Bàbá, mo ń ṣeré ni," Ìsmáílà sọ.

Táyé fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ náà, ó pinnu pé ti òun ni yóò máa kọ́kọ́ dé. Kò dúró kó délé mọ́ kó tó tẹ 1. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá ti wọlé, níbi yòówù tó bá wà lójú ọ̀nà, lórí eré, yóò fa fóònù yọ, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. *Mo ti dé.* Bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Ìdèrè. Síbẹ̀, tó bá bi nọ́ọ̀sì léèrè, Kẹ́hìndé ti ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ ọjà Tápà. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Eruku funfun bo gbogbo nǹkan. Oòrùn tó ń wọ̀ lọ kò ní ìtànṣán, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, a lè tẹjú mọ́ ọn. Èrò márùn-ún ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo wọn obìnrin ọlọ́jà. Kò sẹ́ni tó jókòó sí iwájú. Táyé kì í gbé èèyàn síbẹ̀.

Ràhmọ̀t, alátà, jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan.

"Táyé, ọmọ mi, rọra. Ata mi ń dà sílẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá."

"Mi ò ṣèyọnu. Ata ni mo ní ó ń dà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n di àga mú. Eré náà ti pọ̀ kọjá ohun tí èèyàn ń fi ṣe ẹ̀rín. Ràhmọ̀t ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà sínú.

Fóònù gbọ̀n níwájú Táyé. Ó nawọ́ mú un. Nọ́ọ̀sì ni. *Táyé, Màámi rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Rọra.* Ó ti gbé àtàǹpàkò sórí 1.

Kó tó tẹ̀ ẹ́, fóònù tún gbọ̀n.

Orúkọ tó hàn níbẹ̀ ni *Ìkejì Mi*. Bó ṣe kọ nọ́ńbà Kẹ́hìndé sínú fóònù rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nílé ìwé nìyẹn.

*Táyé, gbé fóònù sílẹ̀.*

Ó ní etí òun di. Òun kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́, òun kò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn. Gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́ bí inú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Títí di òní, Táyé ń sọ pé òun kọ́ ni òun tẹ bíréèkì.

Ata fọ́n káàkiri. Ẹnì kan fi orí gbá àga. Eruku bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ràhmọ̀t ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ata rẹ̀ kan ti yí jáde lójú ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lórí ọ̀dà. Ó ṣà á lọ síwájú ọkọ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ó dúró.

"Táyé," ó pè é pẹ̀lẹ́. "Sọ̀ kalẹ̀ wá."

Lọ́rì gẹdú ni. Ó kú sí àárín títì, kò tan iná kankan, kò sì sẹ́ni tó wà nídìí rẹ̀. Eruku ti pa á láwọ̀ bíi ti afẹ́fẹ́. Ìtì igi kan yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó gùn, ó nà tààrà sí wọn. Táyé rìn dé ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìtì náà. Ibi àyà rẹ̀ ló bá dọ́gba.

Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi igbá kan dá dúró níbẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti bó ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti gbá a ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Táyé jókòó sójú títì.

"Kò sí ewúrẹ́," ó sọ.

"Ewúrẹ́ wo?" Ràhmọ̀t bi í.

"Kò sí ewúrẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, Màmá. Fóònù ni mo ń tẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, àwọn obìnrin márùn-ún dúró yí i ká pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jàmílàt ló ń bá a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣeré, òun náà ń fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kẹ́hìndé ní, "Táyé, gbé fóònù sílẹ̀." Òun ní, "Dúró ná." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àwọn méjì péré ló gbọ́ ọ. Òun kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí.

Wọ́n ya ẹ̀ka igi, wọ́n tò ó sẹ́yìn lọ́rì náà kí ọkọ̀ mìíràn lè rí i. Lẹ́yìn náà, Táyé rọra wà wọ́n lọ sílé. Ràhmọ̀t ní àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwọn sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé. Kò dìde, kò wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Fìlà wà lórí itan rẹ̀.

"Kẹ́hìndé pè," ó sọ.

"Nígbà wo, Màámi?"

"Wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gáríbì. Mo gbọ́ tí fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpótí."

Táyé kúnlẹ̀, ó tú fìlà. Fóònù náà kò tíì yí padà, ojú rẹ̀ fọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Màámi, mo ní ohun kan láti sọ fún yín. Nípa ewúrẹ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ìyá rẹ̀ gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a. Ó ń fi ọwọ́ nà án lórí itan.

Láti ọjọ́ náà, Táyé kì í sáré mọ́. Inú àpò ẹ̀yìn àga ni fóònù rẹ̀ ń wà tó bá wà lójú ọ̀nà. Ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò kí ìyá rẹ̀, kó tó mú fóònù láti tẹ 1. Àtẹ̀jíṣẹ́ Kẹ́hìndé ṣì wà níbẹ̀. Ó fi hàn mí. Mo fi ojú mi kà á.

Mo ṣèlérí pé màá tọ́ka sí irọ́ inú rẹ̀. Mo ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín ọkọ̀ àti gẹdú. Mẹ́sàn-án ni. Mẹ́rin ló dùn ún gbọ́ jù.

Irọ́ kejì tóbi díẹ̀. Èmi ni mo ń tẹ 1.

Ilé iṣẹ́ fóònù máa ń tún nọ́ńbà tó ti kú tà. Wọ́n kó síìmù tuntun wá fún mi, mo rí nọ́ńbà Kẹ́hìndé láàárín wọn. Mo máa ń ta káàdì fún un nígbà tó wà láyé, mo mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí. Mo fi pamọ́ láti fi ṣe awàdà lọ́jọ́ kan. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé sórí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo tẹ 1. Nígbà tí Táyé pè, èmi ni mo gbé e. Ewúrẹ́ tó ké, ti Alága Òkè ni. Abẹ́ tábìlì mi ló máa ń sùn.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ keje, Ìsmáílà sọ fún mi pé Táyé ti ń tẹ fóònù lórí eré nítorí kó lè ṣáájú ìkejì rẹ̀. Ẹ̀rín mi dá. Mo yọ síìmù náà, mo fi eyín já a sí méjì. Ìdajì kan wà nínú kòtò gáréèjì. Ìdajì kejì wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Èmi kọ́ ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò sì mọ ohun tí Kẹ́hìndé sọ kẹ́yìn láyé. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Mi ò lè sọ ọ́ fún Táyé. Tó bá mọ̀ pé èmi ni mo tẹ àwọn yòókù, yóò rò pé èmi náà ni mo kọ ti ìkẹyìn, yóò sì padà sídìí eré rẹ̀. Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé Táyé kì í kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì ní 1 ṣì ń wọlé láti nọ́ńbà Kẹ́hìndé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣáájú mọ́. Ti Táyé ló ń kọ́kọ́ dé báyìí, tirẹ̀ a sì tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe wá sáyé.